Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ Tí A Kò Lò Mọ́: Bí A Ṣe Ń Dí I Kí Ilẹ̀ Rẹ̀ Lè Tún Wúlò

Nínú ọgbà àwọn ilé ńlá kan ní Ìkòyí àti Ìkẹjà, ní Bódìjà ní Ìbàdàn, àti ní àwọn ìlú mìíràn, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ láti ọdún pípẹ́. Nígbà tí a gbẹ́ ẹ, àwọn ọmọ ilé kéré, owó wà lọ́wọ́, ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà àwọn ọmọ dàgbà. Òmíràn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, òmíràn lọ sí Amẹ́ríkà, bàbá àti ìyá nìkan ni ó kù nílé. Oògùn omi wọ́n, ẹ̀rọ bàjẹ́, a kò sì tún un ṣe. Omi tí ó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ di aláwọ̀ ewé, ó di dúdú, jáńjálá ewé igi sì bò ó lójú.

Ọ̀pọ̀ onílé tí ó ní irú adágún báyìí ni ó gbà pé kò ṣe ju pé ó ba ẹwà ọgbà jẹ́ lọ, àti pé ó lè dúró bẹ́ẹ̀ títí owó yóò fi wà láti tún un ṣe. Èrò yìí kò tọ̀nà rárá.

Ewu àkọ́kọ́ ni ti ọmọdé. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó kú sínú omi ní gbogbo ayé ní ọdún 2021. Nínú mẹ́rin wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan jẹ́ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5. Àwọn ọmọ onílé tí a torí wọn gbẹ́ adágún ti di géńdé, wọ́n sì mọ ibi tí ó wà. Àwọn tí ewu yìí wà fún ni àwọn ọmọ-ọmọ tí ó wá bá bàbá àgbà ṣe ọdún Kérésìmesì tàbí ọdún Iléyá, àti àwọn ọmọ ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń gbé inú ọgbà kan náà. Ọmọ kékeré tí ó bá ṣubú sínú omi kì í sábà pariwo. Bí omi bá sì ti di aláwọ̀ ewé, ẹni tí ń wá ọmọ lè dúró létí rẹ̀, kí ó wo inú rẹ̀, kí ó má rí nǹkan kan, kí ó sì jáde lọ sí òpópónà láti máa wá a níbẹ̀.

Ewu kejì ni ti ẹ̀fọn. Ní ilẹ̀ gbígbóná, ẹyin ẹ̀fọn lè di tanwíjí, kí tanwíjí sì di ẹ̀fọn tí ń fò, láàárín ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 14. Adágún kan ṣoṣo lè máa bọ́ ẹ̀fọn fún gbogbo òpópónà. A rí àpẹẹrẹ èyí ní ìlú Bakersfield ní California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 2007. Ní ọdún náà, ọ̀pọ̀ onílé kò lè san owó tí wọ́n yá láti fi ra ilé mọ́. Wọ́n kó jáde, wọ́n sì fi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ẹ̀yìnkùlé wọn sílẹ̀ láìsí olùtọ́jú. Omi inú wọn di aláwọ̀ ewé, ẹ̀fọn sì kún inú rẹ̀. Nígbà ooru ọdún náà, iye àwọn ènìyàn tí àìsàn West Nile, èyí tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, kọlù ní ìlú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti àtẹ̀yìnwá. Àìsàn yẹn kọ́ ni ó ń yọ Nàìjíríà lẹ́nu. Ibà ni tiwọn níbí, iye àwọn tí ibà ń mú ní Nàìjíríà lọ́dọọdún sì tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo àwọn tí ó ń mú ní ayé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá yé wọn ni pé wọn a yá ẹ̀rọ tí ń fa omi, wọn a fa omi adágún náà gbẹ, wọn a sì padà sínú ilé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Òjò àkọ́kọ́ tí ó bá rọ̀ yóò fi omi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kòtò náà, irú omi díẹ̀ tí oòrùn ń tàn sí bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri fẹ́ràn jù. Ọmọ tí ó bá sì ṣubú níbẹ̀ nísinsìnyí, orí kọnkéré ni yóò balẹ̀ sí.

Èyí tí ó tún wà níbẹ̀, tí ojú kò rí, ni omi abẹ́ ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi adágún kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 30, tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 15, tí ó sì jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 4 ní apá kan àti 6 ní apá kejì. Adágún bẹ́ẹ̀ ń gba omi tí ó tó nǹkan bí lítà 64,000, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 64. Bí kọnkéré tí a fi kọ́ ọ bá nípọn ní ínṣì 6, gbogbo kọnkéré náà kò wúwo ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù 30 lọ. Nígbà tí omi wà nínú rẹ̀, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fa omi náà tán ní àkókò tí ilẹ̀ àyíká rẹ̀ ti mu omi yó dé etí, agbára tí omi abẹ́ ilẹ̀ yóò fi máa tì í sókè lè ju tọ́ọ̀nù 70 lọ. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ tẹ igbá òfìfo wọ inú omi rí ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Adágún náà yóò gbéra sókè kúrò nínú ilẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Yóò ṣẹ́ àwọn ọ̀pá omi tí ó so mọ́ ọn, yóò sì la pèpéle tí ó yí i ká. Bí ògiri ọgbà tàbí ògiri ilé bá sún mọ́ ọn, ó lè fi tiwọn kún un.

Ní Ìkòyí, ní Victoria Island àti ní Lẹ́kí, omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀, nítorí náà ewu yìí pọ̀ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Ní Ìbàdàn omi abẹ́ ilẹ̀ sábà máa ń jìn, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá ti rọ̀ léraléra ní oṣù Keje tàbí ní oṣù Kẹsàn-án, òun náà lè gòkè. Ẹni tí ó ní kànga nínú ọgbà rẹ̀, tàbí tí aládùúgbò rẹ̀ ní in, ní olùkọ́ tí kì í purọ́. Kí ó so òkúta mọ́ okùn, kí ó wọn bí ojú omi kànga náà ti jìn tó sí ojú ilẹ̀. Bí omi kànga bá wà ní ìsàlẹ̀ ju ibi tí adágún jìn sí jù lọ, a lè fa omi adágún náà láìbẹ̀rù. Bí ó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí onílé ní sùúrù. Oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kejì ni ìgbà tí ó dára jù lọ fún iṣẹ́ yìí, kì í sì í ṣe ohun tí a ń bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn kí a wá fi sílẹ̀ títí òjò yóò fi dé. Kí owó gbogbo iṣẹ́ náà ti pé lọ́wọ́ kí a tó fa omi.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí onílé lọ sí ọ́fíìsì tí ó ń rí sí ètò ìlú ní àdúgbò rẹ̀, kí ó béèrè bóyá a nílò ìwé àṣẹ. Kí ó pe oníṣẹ́ iná mànàmáná láti gé wáyà tí ó lọ sí ẹ̀rọ adágún àti sí àwọn iná tí a fi sínú ògiri rẹ̀, kí ó gé e láti orísun rẹ̀ nínú ilé, kì í ṣe ní ẹnu ibi tí a ti rí i nìkan. Wáyà tí iná ṣì wà nínú rẹ̀, tí a sì fi erùpẹ̀ bò, ń dúró de ẹni tí yóò fi ọkọ́ kàn án ni.

Ní ti omi tí a óò fà jáde, bí oògùn kiloríìnì bá ṣì wà nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ wọ inú odò tàbí ibi tí a ti ń sin ẹja, nítorí pé ó ń pa ẹja. Kí a dáwọ́ oògùn náà dúró fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, oòrùn yóò sì sọ ọ́ di aláìlágbára. Kí a darí omi sí ojú àgbàrá díẹ̀díẹ̀, tàbí kí a fi rin ilẹ̀ tí ó gbẹ. Kí a má ṣe darí rẹ̀ sí ọgbà aládùúgbò, nítorí ìjà àgbàrá láàárín onílé méjì kì í tètè tán.

Nísinsìnyí a dé ibi tí gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé, òun sì ni ibi tí àwọn agbaṣẹ́ṣe máa ń fò jù lọ nítorí pé kò sí ẹni tí yóò rí i lẹ́yìn náà. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ jẹ́ ìkòkò. A mọ ọ́n kí omi má baà jò nínú rẹ̀. Bí a bá da erùpẹ̀ kún inú ìkòkò, ìkòkò náà kò tíì fọ́. Òjò tí ó bá rọ̀ yóò wọ inú erùpẹ̀ náà, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Lẹ́yìn òjò ọdún kan tàbí méjì, gbogbo erùpẹ̀ inú rẹ̀ yóò di ẹrẹ̀, ilẹ̀ yóò rì, ohun gbogbo tí a bá gbìn síbẹ̀ yóò jẹrà láti gbòǹgbò, ọ̀rinrin rẹ̀ yóò sì máa yọ́ lọ sí ìpìlẹ̀ ilé. A ti rí onílé tí ó ná owó ńlá ra erùpẹ̀, tí ó tún ná owó náà lẹ́ẹ̀kejì láti wú u jáde.

Nítorí náà a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ́ ìsàlẹ̀ adágún náà. Kí àwọn òṣìṣẹ́ fi òòlù ńlá tàbí ẹ̀rọ tí ń fọ́ kọnkéré lu ihò sí i, tí ó fẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì, kí ó pọ̀ ní ibi tí ó jìn jù, kí ó sì wà káàkiri ìyókù. Ihò náà gbọ́dọ̀ la kọnkéré já dé inú ilẹ̀ gidi. Lẹ́yìn náà kí a da omi sínú rẹ̀, kí a sì wò ó. Bí omi náà bá lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, iṣẹ́ dára. Bí ó bá dúró síbẹ̀, ihò kò tó, tàbí amọ̀ líle ni ó wà nísàlẹ̀, a sì ní láti gbẹ́ ihò náà jìn sí i kí a fi òkúta wẹ́wẹ́ kún un. Ní etí òkun àti etí ọ̀sà, omi lè gba inú ihò wọ̀nyí wọlé dípò kí ó jáde. Èyí kì í ṣe àmì pé a ṣe àṣìṣe, nítorí omi tí ó rí ọ̀nà wọlé kò ní agbára láti ti kọnkéré sókè mọ́. Kí onílé fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn ihò náà kí ó tó jẹ́ kí típà kan ṣoṣo da erùpẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsàlẹ̀, ó kan ògiri. A kò nílò láti hú gbogbo rẹ̀. Kí a wó apá òkè rẹ̀ títí yóò fi lọ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 tàbí 3 sí ojú ilẹ̀, kí gbòǹgbò ọ̀gbìn má baà kàn án. Àwọn ọ̀pá irin inú rẹ̀ kì í ṣòfò, àwọn tí ń ra irin àlòkù yóò rà á. Kọnkéré tí a wó ni a óò fọ́ sí wẹ́wẹ́ kí a sì tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀, nítorí ó ń jẹ́ kí omi rí ọ̀nà lọ. Ṣùgbọ́n kí a fọ́ ọ kúnná. Pátákó kọnkéré ńlá tí a gbé lé ara wọn máa ń fi àyè òfìfo sílẹ̀ lábẹ́, ibẹ̀ ni ilẹ̀ yóò ti jìn lọ́jọ́ kan. Bákan náà ni igi, ẹ̀ka, agolo, ọ̀rá àti ìdọ̀tí ilé kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Àwọn onílé kan máa ń sọ adágún di ààtàn fún ọdún kan kí wọ́n tó dí i, wọ́n sì ń rò pé àwọn dín owó erùpẹ̀ kù. Ohun tí ó bá jẹrà a máa fi ihò sílẹ̀ ní àyè rẹ̀.

Adágún tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lókè yìí nílò erùpẹ̀ púpọ̀ ju bí ojú ti ń wò ó lọ. Erùpẹ̀ tí típà kó dé rọ̀, ó sì kún fún afẹ́fẹ́. Nígbà tí a bá lù ú tán, yóò dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Bí típà kan bá ń gba mítà 10 níbùú, lóròó àti lógìíró, kí onílé múra sílẹ̀ fún típà 8 tàbí 9, kí ó sì yọ iye tí kọnkéré tí a fọ́ bá ti gbà kúrò. Erùpẹ̀ pupa tí a fi ń kọ́lé dára fún iṣẹ́ yìí. Amọ̀ kò dára, nítorí ó ń wú nígbà òjò, ó sì ń sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Kí a má ṣe da gbogbo rẹ̀ sínú kòtò lẹ́ẹ̀kan náà. Kí a da èyí tí ó nípọn ní ínṣì 6 sí 8, kí a wọ́n omi sí i níwọ̀nba, kí a lù ú títí yóò fi le, kí a tó da òmíràn lé e. Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ń lu ilẹ̀ ilé ní ayé àtijọ́ mọ ọgbọ́n yìí: ilẹ̀ tí ó gbẹ jù kì í dì, èyí tí ó sì tutù jù ń di ẹrẹ̀ lábẹ́ òlù. Lónìí ẹ̀rọ kékeré tí ń gún ilẹ̀ wà tí a lè yá, iṣẹ́ rẹ̀ sì yá ju ti ọwọ́ lọ. Bí ó bá ku ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ kí ó kún, kí a dáwọ́ erùpẹ̀ pupa dúró, kí a fi ilẹ̀dú parí rẹ̀ láìlù ú, kí a sì jẹ́ kí ó ga díẹ̀ ju ilẹ̀ àyíká lọ. Yóò lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ilẹ̀ tí a rí gbà padà kì í ṣe kékeré. Bí a bá ka pèpéle ẹsẹ̀ bàtà 4 tí ó yí adágún náà ká mọ́ ọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́jọ pulọ́ọ̀tì tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ewédú, ilá àti ata ń ṣe dáadáa níbẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́ bí a bá fi ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà sí i. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà lè wà níbẹ̀. Igi ńlá bíi máńgòrò kò yẹ, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ yóò kàn kọnkéré. Ẹni tí kò fẹ́ ọ̀gbìn lè gbin koríko kí àwọn ọmọ máa ṣeré lórí rẹ̀. Ohun tí a kò gbọdọ̀ gbé kà á ni ilé, ògiri tàbí táńkì omi. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ ní láti hú gbogbo kọnkéré náà jáde, kí oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó mọ̀ nípa ilẹ̀ sì yẹ bí a ti lu erùpẹ̀ náà wò. Owó èyí ga ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa.

Àwọn mìíràn máa ń béèrè bóyá a kò lè sọ adágún náà di ibi tí a ti ń sin ẹja àrọ̀. Ó ṣeé ṣe, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ṣe é. Ẹja àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ láti òkè omi, kì í tètè kú bí ti ẹja mìíràn, òun àti epìyà sì ń jẹ tanwíjí. Ṣùgbọ́n omi náà ní láti máa pààrọ̀, oúnjẹ ẹja wọ́n, ó sì gba ẹni tí yóò dúró tì í lójoojúmọ́. Onílé tí kò rí àyè tọ́jú omi fún àwọn ọmọ rẹ̀ láti lúwẹ̀ẹ́ yóò ṣòro fún láti rí àyè tọ́jú ẹja. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, omi ṣì wà níbẹ̀, ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Ẹni tí ó bá yan ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ fi ọgbà tí ọmọdé kò lè gùn yí i ká, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ti ara rẹ̀. Bákan náà ni fún ẹni tí ó fẹ́ fi í gba omi òjò pamọ́, ẹni tí ó ní láti dà kọnkéré bò ó lójú pátápátá lábẹ́ àbójútó oníṣẹ́ ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn tí a bá ti dí i tán, kí onílé máa wo ilẹ̀ náà fún àkókò òjò méjì. Ibi tí ó bá rì, kí a fi ilẹ̀dú kún un. Ibi tí omi bá dúró sí ju ọjọ́ kan lọ, kí a gbẹ́ ẹ wò, nítorí ó lè jẹ́ pé ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dí. Kí ó sì ya àwòrán ibi tí adágún náà wà, kí ó kọ gígùn, ìbú àti jíjìn rẹ̀ sí i, àti ọdún tí a dí i, kí ó fi í sínú àpò kan náà tí ìwé ilẹ̀ àti àwòrán ilé wà. Koríko yóò ti bò ó nígbà tí ẹni tí ó ra ilé náà, tàbí ọmọ tí ó jogún rẹ̀, bá dé pẹ̀lú bíríkìlà láti kọ́ ilé kejì sí ẹ̀yìnkùlé.